Afẹ́fẹ́ Tó Ń Wọlé Níbi Imú Ọkọ̀

Ọkùnrin tí Kung bá ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn dùbúlẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́, ó sì gbé etí lé ọ̀rá tí wọ́n fi bo ọkọ̀ ojú omi kan bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ọmọ nínú ikùn ìyàwó rẹ̀. Ó pa ojú dé. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọkùnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n Kung kò tíì ráyè rí ìyẹn, nítorí inú ti ń bí i.

"Ta nìyẹn? Ta ló ní kí ẹ wọlé?"

Ọkùnrin náà ò la ojú. Ó kàn gbé ìka kan sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mò ń gbọ́ nǹkan."

Láti ìgbà tí Kung ti dàgbà, kò sí ẹni tó dán an wò ní Bang Saray, ìlú apẹja wọn létí òkun, láti ní kó dákẹ́, pàápàá jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bí i sí. Ẹnu yà á débi pé ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó dúró tòun ti ẹja yíyan tó rà bọ̀, ó ń wo ọkùnrin yìí bó ṣe ń fàyà fà díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó ń gbé etí lé ibí, tó ń gbé e lé ọ̀hún, títí tó fi dúró lójú kan. Ó fi èékánná ṣí téèpù àtè tí wọ́n fi dí etí ọ̀rá, ó fa nǹkan dúdú tínínrín kan jáde, ó sì tẹ téèpù náà mọ́lẹ̀ padà. Ọwọ́ géèjì ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀, gun òkè, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ò ní àbùkù kankan," ọkùnrin náà ní, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. "Ilé iṣẹ́ tó tà á fún yín ló rán mi wá. Wọ́n ní arábìnrin kan ń bú wa lórí fóònù láti àárọ̀."

"Èmi kọ́ o," Kung ní.

"Mo mọ̀. Ohùn ẹni yẹn le ju tiyín lọ díẹ̀."

Iṣẹ́ tí Kung ń ṣe kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Ó máa ń tẹ́ aṣọ kábọ́ọ̀nù, aṣọ dúdú kan tó ń dán, tó fúyẹ́, tó sì le ju irin lọ bó bá ti gan, sínú mọ́ọ̀dù tó ní àwòrán ìdí ọkọ̀. Á fi àtè olómi rin aṣọ náà, á fi ọ̀rá bò ó, á fi téèpù àtè dí etí ọ̀rá yíká, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ọ̀rá lè fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí á fi gan. Bí ihò tó tó irun bá wà níbì kan, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé, ọkọ̀ á jáde tòun ti ojú funfun àti ihò wẹ́wẹ́, kò sì ní wúlò fún ohunkóhun. Fọ́nrán òwú kábọ́ọ̀nù kan tó sá sábẹ́ téèpù ló dá gbogbo wàhálà ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Kung fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ náà, kò wá rí ẹni tó máa bá wí.

Bí ojú ṣe ń tì í, ó ní kí ọkùnrin náà wá jẹun. Wọ́n jókòó sórí pákó kan lẹ́nu ọ̀nà, òkun ń dán níwájú wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bu ìrẹsì tó lẹ̀.

"Mot ni wọ́n ń pè mí nílé," ó ní.

Orúkọ èèrà nìyẹn lédè wọn. Kung wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tó nà jìnnà kọjá pákó. "Èèrà? Ẹ̀yin náà?"

"Mo kéré nígbà tí wọ́n bí mi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kung."

"Ìyẹn ni edé." Mot bu ẹja sórí ìrẹsì rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Edé ló ń bọ́ èèrà lónìí."

Kung rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé inú ń bí òun. Ìgbà yẹn ló wá ráyè rí ojú ọkùnrin náà dáadáa.

Ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan yìí, Mot ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míì á ní òun fẹ́ wo epo rẹ̀. Nígbà míì á ní rọ́bà rẹ̀ ni òun fẹ́ wò. Àǹtí Chaluai, àbúrò bàbá Kung tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé, máa ń rí alùpùpù rẹ̀ lókèèrè, á sì pariwo wọ inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Kung, dókítà ti dé o. Ẹ̀rọ yín yìí mà ń ṣàìsàn."

Ó kọ́ Kung bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ọ̀rá po lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè dé inú kọ́rọ́ dáadáa láìfà ya. Kung náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ láti inú ìrísí ọkọ̀ bóyá ó máa fẹ́ràn omi. Nígbà tí àkókò òjò dé, wọ́n á jókòó sábẹ́ páànù, wọ́n á máa wo omi tó ń ṣàn lọ sínú òkun, ọ̀rọ̀ ò sì ń tán lẹ́nu wọn.

"Ìgbà wo lo máa tó yéé pè mí ní 'ẹ̀yin'?" Mot bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ jù mí lọ."

"Ọdún mélòó ni mo fi jù ọ́ lọ?"

"Ẹ ṣáà jù mí lọ."

"Kung, mi ò fẹ́ kí ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe aya máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Kung ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. Nígbà tó máa dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ta lo fẹ́ fi ṣe aya?"

Mot rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti gbọ́ ara wọn yé. Láti ọjọ́ yẹn, inú Kung dùn débi pé Àǹtí Chaluai ní kó jẹ́ kí òun sinmi lọ́wọ́ orin tó ń kọ láràárọ̀.

Bàbá nìkan ló kù. Bàbá Samran ti fi igi kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja láti ìgbà èwe rẹ̀, kí igi tó di ohun tí a kì í rí rà mọ́. Ọkọ̀ dúdú tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kọ̀ láti fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé Mae Ya Nang, Ìyá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó sì ń gbé níbi imú rẹ̀, inú igi ló ti ń bá ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá àti àtè ṣe, níbo ni Ìyá máa jókòó sí? Bí ọkọ̀ bá jáde, wọ́n á fi òdòdó sí imú rẹ̀, wọ́n á fi ẹfun to àmì kékeré mẹ́ta síbẹ̀. Bàbá kì í fi ẹyọ kan sí ti Kung. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé òun ò ní ṣe é láéláé.

Nígbà tí Mot wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ní òun fẹ́ mú ìyá òun wá láti Chanthaburi kí wọ́n wá tọrọ Kung, Bàbá jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ẹgbẹ́ atukọ̀ ní kí ẹ ṣe ọkọ̀ ìdíje fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìwọ àti ọmọ mi, ẹ jọ ṣe é. Bó bá jáde dáadáa, kí o mú ìyá rẹ wá. Bí kò bá jáde, a jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí o má wá síbí mọ́."

Mot dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé ni wọ́n fi ń dán an wò, kí ló tún kù?

Wọ́n múra sí ọkọ̀ náà bí ẹni ń múra ìyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi sípíríìtì nu etí mọ́ọ̀dù, wọ́n lẹ téèpù, wọ́n na ọ̀rá sórí mọ́ọ̀dù òfìfo láti dán an wò, wọ́n sì tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ géèjì dúró gbọnyin. Wọ́n ṣí ọ̀rá àti téèpù yẹn kúrò kí wọ́n tó lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n fi àtè rin ín, wọ́n lẹ téèpù tuntun, wọ́n na ọ̀rá tuntun. Ọwọ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mot dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́. Imú ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń súfèé. Ó tẹ téèpù mọ́lẹ̀, ó fi òmíràn kún un, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ fi ń dùn ún. Àtè ti ń gan. Nígbà tí wọ́n yọ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán bíi dígí, àmọ́ imú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí àkàrà.

"Mọ́ọ̀dù ló sán," Mot ní. Ó wá ojú sísán, kò rí i, síbẹ̀ ó fi àtè tún ibẹ̀ ṣe, ó fi yanrìn pa á dán. Wọ́n tún dán an wò ní ìrọ̀lẹ́. Géèjì dúró. Láàárọ̀, wọ́n tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Imú kan náà ló tún ti ń súfèé. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n pààrọ̀ ọ̀rá. Ọkọ̀ kejì náà jáde, imú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ti rẹ Kung, ẹ̀rù sì ń bà á. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ń ba Kung ni ẹnu rẹ̀ máa ń burú jù. "Bóyá ọwọ́ rẹ ni kò dáa," ó ní. "Ẹ̀rọ títà lo mọ̀, o ò mọ ọkọ̀."

Mot nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń ká rọ́bà jọ. Bàbá, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo imú ọkọ̀ náà, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní, "Ọmọkùnrin, máa lọ sílé. Ìyá inú ọkọ̀ ti sọ tiẹ̀." Mot dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde lọ dúró de ọkọ̀ èrò ní ìkóríta, nítorí pé alùpùpù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò wo Kung.

Kung jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ọ̀dù, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ téèpù kúrò, nítorí pé kò mọ ohun tó tún kù láti ṣe. Téèpù ẹ̀gbẹ́ lẹ̀ pinpin, ó ń fi agbára fà á. Nígbà tó dé imú, téèpù ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi pé kò sí ohun tó dì í mú. Kung dúró. Ó yí téèpù náà padà. Abẹ́ rẹ̀ funfun, ó sì ń dán.

Ó gbé e sí imú rẹ̀. Òórùn òdòdó jásímínì ló gbọ́.

Ẹfun kan ṣoṣo ló ní òórùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Bang Saray. Láti ìgbà tí ìyá Kung ti kú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fi omi òdòdó àti òróró díẹ̀ pò ó nínú àwo kékeré ìyàwó rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ó bá Bàbá lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó gbé téèpù náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí nìyí?"

Bàbá wò ó. "Mo nù ún kúrò. Mo fi aṣọ mi nù ún dáadáa."

"Ẹ ní ẹ ò ní fi ẹfun sí imú ọkọ̀ ọ̀rá láéláé. Gbogbo wa la gbọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá ń jí ní ìdájí lọ fi í sí imú mọ́ọ̀dù kí a tó dé."

"Ṣé kí n jẹ́ kí ọkọ̀ tí ọmọ mi máa fi lọ́kọ wáyé láìsí ìyá tó ń ṣọ́ ọ?" Ó ń bá àwọ̀n sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Nígbà tí àkọ́kọ́ bàjẹ́ níbi imú gan-an, mo rò pé mi ò bẹ̀ ẹ́ tó. Mo wá fi ewé wúrà kún un nígbà kejì. Nígbà tó tún bàjẹ́, mo gbà pé Ìyá kọ̀ yín. Kung, ẹni tí Ìyá kọ̀, báwo ni mo ṣe máa fún un lọ́mọ mi? Ìdí tí mo fi ní kó máa lọ nìyẹn."

Kung kúnlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. "Ìyá ò kọ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Téèpù ni kì í lẹ̀ mọ́ òróró."

Bàbá ronú sí i. "Èmi ni mo wá ń ṣí ilẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Lójoojúmọ́ tí mò ń gbàdúrà."

"Lójoojúmọ́."

Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó dìde, ó lọ gbé alùpùpù rẹ̀ alágbọ̀n tó fi ń kó ẹja. Kung bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun ń lọ mú ọmọ yẹn wá kí ọkọ̀ èrò tó gbé e. Àǹtí Chaluai ní kó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù. Kò dá a lóhùn, bó ṣe lọ nìyẹn tòun ti igbáàyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Mot ká ẹsẹ̀ jọ sínú agbọ̀n ẹja, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Òórùn ẹja ti gba ara rẹ̀. Kung dúró níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn," ó ní, "kò yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú sí mi."

"Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù ú lọ lórí fóònù." Mot jáde nínú agbọ̀n, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. "Tèmi náà wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń nu etí mọ́ọ̀dù, ó yẹ ká tún máa nù ún láàárọ̀. Mo rò pé mo ti nù ún, ó ti tán. Ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, Kung. Mo ti ń sọ fún ara mi lọ́nà pé bóyá òótọ́ lo sọ."

"Kì í ṣe òótọ́."

"Mo ti wá mọ̀ báyìí."

Aṣọ kábọ́ọ̀nù tó kù kò ju èyí tó máa tó ọkọ̀ kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó, Kung fi sípíríìtì fọ etí mọ́ọ̀dù, Mot tún un fọ̀, Kung tún fọ ibi imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ti po ẹfun rẹ̀ látàárọ̀. Ó gbé àwo náà lọ́wọ́, ó ń rìn yí wọn ká, bó bá sì ti sún mọ́ mọ́ọ̀dù báyìí, àwọn méjèèjì á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á sì padà sẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n rin ín, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n lẹ téèpù, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ọ̀rá fún ara rẹ̀ mọ́ aṣọ dúdú náà, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ dìde ṣánṣán.

Mot wo Kung. Kung mi orí pé kó ṣe é. Mot pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ á wọlé, ilé sì dákẹ́.

Àǹtí Chaluai dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ṣíbí ọbẹ̀. Kung ń wo ọwọ́ géèjì títí ojú rẹ̀ fi ń ta á, ó sì ń retí pé kó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò sọ̀. Ìrẹsì tó wà lórí iná jinná, wọ́n sọ̀ ọ́, ọwọ́ géèjì ṣì wà lójú kan náà. Kung wá jókòó sílẹ̀ láìmọ̀.

"Ṣé ó ti dúró?" Bàbá bi wọ́n.

"Ó ti dúró, Bàbá," Mot ní.

"Ìgbà wo ni mo lè wá fi ẹfun sí i nímú?"

"Bó bá ti gan, tí a ti yọ ọ́. Ọ̀la ni."

"Èyí tí mo pò yìí á ti gbẹ kó tó di ọ̀la." Bàbá wo inú àwo, ó wo àwọn méjèèjì. "Ẹ wá kúnlẹ̀ síbí."

Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, òógùn àti àtè lára wọn. Bàbá ti ìka bọ ẹfun, ó tò ó mẹ́ta síwájú orí Mot. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́, ó tò ó mẹ́ta síwájú orí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Àǹtí Chaluai pè é jẹ́ẹ́jẹ́, "ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń fi ìyẹn síwájú orí ọkọ àti ìyàwó."

"Mo mọ̀."

"Ọkọ̀ ò tíì jáde. Ẹ̀yin lẹ ní bó bá jáde."

"Chaluai, mo ní mo mọ̀." Ó gbé àwo náà fún un kó bá òun gbé e padà, ó sì yíjú sí Mot. "Pe ìyá rẹ. Sọ fún un pé kó tètè máa bọ̀ kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́."

Mot yọ fóònù, ṣùgbọ́n kò rí nọ́ńbà tẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ kún fún omi. Kung gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sí i létí. Wọ́n gbọ́ tí obìnrin kan dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, tó ń béèrè bóyá kò sí nǹkan.

"Kò sí nǹkan, Màmá," Mot ní, ó di ọwọ́ Kung mú. "Ẹ dìde, ẹ máa múra."